Aṣọ Pupa Lórí Ilẹ̀ Olúbọ̀dé

Ẹni tó bá sọ pé òun mọ Lájídé, tí kò sì mọ bó ṣe fi aṣọ pupa sin àna rẹ̀ láàyè, irọ́ ló ń pa, kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Kábà ni, ọmọ Abraham tó ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Kàdúná títí irun rẹ̀ fi funfun. Kàdúná ni wọ́n ti bí Lájídé, ibẹ̀ ló ti kàwé, ó sì gbọ́ Haúsá kó tó gbọ́ èdè baba rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó fi máa padà wálé, ó ti di géńdé. Ó gba iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ní Kábà, ní ọdún bíi mélòó kan kí òmìnira tó dé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Kàdúná yìí sọ́kàn o, nítorí òun ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ilẹ̀ tí omi ń jókòó sí, àbàtà àti àkùrọ̀ tí àwọn Haúsá ń pè ní fàdámà, kó sì ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìrẹsì á ti ṣe dáadáa. Ó ní irin gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ lọ́ bí ìwo àgbò. Á yí i wọ ilẹ̀, á fà á jáde, á gbọn erùpẹ̀ tó bá gbé wá sí àtẹ́lẹwọ́, á fi àtàǹpàkò rà á, á gbóòórùn rẹ̀. Bó bá pupa látòkè délẹ̀, omi kì í dúró níbẹ̀. Bó bá rí bí eérú, tí àmì ìpẹtà wà káàkiri inú rẹ̀, a jẹ́ pé omi ń wá, ó ń lọ. Bó bá wá dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó ti dòbu, omi kì í kúrò níbẹ̀ rárá. Lájídé fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé bó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òórùn erùpẹ̀ ni wàá gbé lọ sílé.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà tó fi dé Òkè-Bùkún, abúlé kan nílẹ̀ Bùnù, tó rí Ṣọlápé níbi tó ti ń ran òwú. Ọmọbìnrin náà kò ṣe ju pé ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀, "Òkun o." Lájídé fi ahọ́n Kàdúná dá a lóhùn, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ìrẹsì sì fò lọ lórí ọmọkùnrin wa.

Baba Ṣọlápé ńkọ́? Olúbọ̀dé lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ paraku tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣu. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ebè fún un, iṣu tó bá ti ibẹ̀ jáde ló sì máa fi mọ irú ẹni tí onítọ̀hún jẹ́. Ilẹ̀ kan wà lẹ́bàá odò tó ń na ọwọ́ sí fún wọn. Ernest, ará Mopa, ti kọ ebè síbẹ̀ rí nítorí Ṣọlápé kan náà yìí. Iṣu rẹ̀ jẹrà pátá. Olúbọ̀dé ní ọwọ́ Ernest kò gba iṣu, ọwọ́ tí kò bá sì gba iṣu kò lè gba ọmọ òun. Bí Ernest ṣe lọ nìyẹn, tòun ti ọkọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Lájídé wá tọrọ Ṣọlápé, ilẹ̀ yìí náà ni Olúbọ̀dé fún un. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, ilẹ̀ gbẹ, ó le koránkorán, ojú lásán kò lè rí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan tí Lájídé ti irin rẹ̀ bọlẹ̀, eérú àti ìpẹtà ló fà jáde. Bó bá kọ ebè síbẹ̀, iṣu á jẹrà, Ṣọlápé á bọ́. Bó bá sì ní ilẹ̀ àna òun kò dára, ta ló bí i? A kì í bá àna ẹni jiyàn nínú oko rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé bó bá sọ òtítọ́, ó ti dá Ernest láre nìyẹn, Ernest kò sì tíì gbéyàwó.

Lájídé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà dáadáa kí n tó gbé ọkọ́ sí i."

"Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ọmọ mi?" Olúbọ̀dé ì bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ eyín ń dùn ún. Ó ní kó máa wò ó, òun ń lọ sí ọsibítù Egbe kí wọ́n bá òun yọ eyín náà.

Bí bàbá ṣe wọ lọ́rì ni Lájídé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gún irin láti etí odò títí dé òkè, ó ń ri èèkàn mọ́ ibi tí ilẹ̀ eérú bá ti pàdé ilẹ̀ pupa. Koríko ga, èèkàn kò hàn. Ó bá rántí àjákù aṣọ pupa tí télọ̀ kan fún un ní Kábà. Ó so ó mọ́ orí èèkàn gbogbo títí ó fi yí ibi tí omi ń jókòó sí po. Ó wá lọ jókòó lábẹ́ igi, ó ń ya ilẹ̀ náà sórí bébà, ó ń súfèé.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Aṣọ pupa nílẹ̀ Bùnù, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òkú àgbà ni wọ́n ń fi í yẹ́ sí. Ọmọ tó ń rá kòrò níbẹ̀ mọ̀. Ọmọ Kàdúná nìkan ni kò mọ̀.

Obìnrin kan tó pọnmi bọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Aṣọ pupa yí ilẹ̀ Olúbọ̀dé po, Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ sì wà ní ọsibítù. Kí ló kù? Ìkòkò bọ́ lórí rẹ̀, ó figbe ta. Kí oòrùn tó dé àtàrí, gbogbo Òkè-Bùkún ti ń sunkún. Ọ̀ṣunbíyìí, ìyàwó Olúbọ̀dé, tú irun, ó fi ara lulẹ̀. Hezekiah àbúrò Olúbọ̀dé, tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí igi irúgbá kan, fa ewúrẹ́ wá láti abúlé Kiri, ó ń sunkún pé irú ẹ̀gbọ́n òun kò sí mọ́ láyé.

Lájídé náà gbọ́ igbe, ó sáré wọ̀lú. Wọ́n ní Olúbọ̀dé ti kú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún, ẹkún tirẹ̀ ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn àgbà ń mi orí, wọ́n ní ọmọ gidi nìyí, ó mọ iyì àna. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló so aṣọ, òun náà kò béèrè bí wọ́n ṣe gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹran ewúrẹ́ Hezekiah ni wọ́n ń jẹ tomijé-tomijé nígbà tí lọ́rì kan dúró. Olúbọ̀dé sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, òwú wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí èrò níwájú ilé rẹ̀. Ó rọra rìn dé ẹ̀yìn Hezekiah, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní, "Ta ló kú?"

Hezekiah yíjú padà. Eegun bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n."

Àwọn kan ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀ṣunbíyìí kò sá ní tirẹ̀. Ó lọ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà, nígbà tí ọkọ rẹ̀ sì kígbe oró, ó mọ̀ pé alààyè ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó di ọkọ rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ títí ó fi dé orí èèkàn. Lájídé na gbalaja. Àwọn tó pè é lọ́mọ gidi lánàá ní kó máa padà sí Kàdúná. Ṣọlápé fọwọ́ bojú. Lájídé mọ̀ pé ó ti bà jẹ́, ó ní bó bá ti bà jẹ́ náà, kí òun kúkú sọ òtítọ́. Ó tẹ́ bébà rẹ̀ sílẹ̀. "Baba, ibi tí mo so aṣọ yí ká yìí, omi ń gbé lábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá dé. Iṣu ẹnikẹ́ni á jẹrà níbẹ̀. Ọwọ́ Ernest kò burú."

Olúbọ̀dé gba ọkọ́, ó kó gbogbo wọn lọ sóko. Ó gbẹ́ ilẹ̀ inú aṣọ pupa, ó gbẹ́ ti ìta rẹ̀, ó bu méjèèjì sọ́wọ́, ó ń wò wọ́n. Eérú ní ọ̀tún, pupa ní òsì. "Ó mà ṣe o," ló sọ, "mo lé ọmọ ọlọ́mọ lọ lásán." Ó sì ránṣẹ́ pe Ernest.

Ernest dé. Olúbọ̀dé bẹ Ernest níwájú gbogbo ilé, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ ti di méjì báyìí. Ẹnu rẹ ló kù."

"Baba, Ernest kò ṣe nǹkan kan tó burú," ni Ṣọlápé wí. "Àmọ́ ẹni tó sọ òtítọ́ tó lè mú kó pàdánù mi, òun ni mo fẹ́."

Ernest rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà, tí wọn ò bá ti ní í máa pe òun ní ọlọ́wọ́ burúkú mọ́. Iyán tó jẹ lọ́jọ́ yẹn, Mopa ṣì ń sọ ọ́.

Ìrẹsì ni wọ́n gbìn sínú aṣọ pupa, Lájídé kọ ebè sí ìta rẹ̀, iṣu ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó. Hezekiah àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ padà. Ta ló lè sunkún báyẹn, kó tún máa yodì? Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Bí àlejò bá dé, á nawọ́ sí Lájídé, á ní, "Ẹ wo ọmọ mi tó sin mí."

Olúbọ̀dé gbó, ó rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá kú lóòótọ́, wọ́n ta aṣọ pupa sójú ilé. Àwọn èèyàn Òkè-Bùkún rí i, kò sẹ́ni tó sunkún. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi Lájídé, bóyá ilẹ̀ ló tún ń wọ̀n. Lájídé jáde sí wọn, kò mú irin dání. Ìgbà náà ni wọ́n tó sunkún.