"Voi" Tí Bàbá Mi Kọ́ Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọwọ́ mi ò tíì tó bọ́tìnnì ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, nílé wa ní Torino lórílẹ̀-èdè Italy, ohun tí bàbá mi kórìíra jù ni kí ọmọdé pe àgbà ní "ìwọ". "Lei" làwọn ará Torino ń pe àgbà. Bàbá mi ní rárá o, "voi" tí wọ́n fi ń pe èèyàn púpọ̀ ló jọ "ẹ" tiwa, òun sì ni kí n máa sọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa. Nonno, ìyẹn bàbá àgbà, ni mo ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà lẹ́yìn iléèwé títí ìyá mi á fi dé. Bí mo bá ti sọ "voi", wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì rò pé ìtìjú ni. Mo fẹ́ràn wọn gan-an.

Nígbà yẹn, Torino tí ọba ti gbé rí ti ń relẹ̀. Ààfin ṣì wà níbẹ̀ gbàgàdà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Làwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wọ dúdú látòkè délẹ̀ bá gba ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo nísàlẹ̀ ilé wa, wọ́n ń lẹ pósítà pé kí àlejò máa lọ, kí ìlú lè padà sí bó ṣe wà láyé àtijọ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Nonno ra búrẹ́dì bọ̀, a bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ilé hàn. Mo ní, "Nonno, voi siete stanco," pé ó ti rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n gbé báàgì fún mi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà pàtẹ́wọ́. Brava! Wọ́n ní mo gbọ́ èdè Italy ju àwọn onílùú lọ. Ọ̀kan na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọnrangandan sókè. Inú mi dùn, èmi náà na tèmi.

Nonno wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kan ilẹ̀kùn yẹn, wọn ò dá mi lóhùn. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá mi mú mi lọ bẹ̀ wọ́n. Bí Nonno ṣe ṣílẹ̀kùn, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nonno pariwo, wọ́n rò pé bàbá mi dákú ni! Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n sọ fún wa pé nígbà tí àwọn wà níléèwé, ìjọba àwọn ẹlẹ́wù dúdú fòfin de "Lei", ó ní "voi" ni kí gbogbo èèyàn máa sọ, ọwọ́ ọ̀tún nínà sókè sì ni kí wọ́n máa fi kíra. Bàbá tó bí wọn kọ̀, ó kọ òfin náà àti gbogbo ìṣe ìjọba ọ̀hún. Ìjọba mú un lọ, kò padà wálé mọ́.

Bàbá mi ṣàlàyé "ẹ" fún wọn. Nonno ní kí n kúkú máa fi èdè tiwa kí àwọn. Títí wọ́n fi kú, "Ẹ káàsán, Nonno" ni mo ń wí, kí n tó bọ́ sí èdè Italy.

Ìlú Padova ni mo wà báyìí, orí mi ti ń funfun. Àwọn ọmọ mi, "tu", ìyẹn "ìwọ", ni wọ́n ń pe gbogbo ayé, tó fi mọ́ èmi ìyá wọn. Mo ti bá wọn jà títí, ó ti sú mi. Àwọn tó ń lẹ pósítà ò wọ dúdú mọ́, kóòtù àti táì ni, ẹ̀rín sì kún ẹnu wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àná náà ló wà lára pósítà. Bí mo bá ń dúró de ọkọ̀ tram níwájú àwòrán wọn, mo máa ń kí Nonno sínú: ẹ káàsán o. Ọwọ́ ọ̀tún mi á wà nínú àpò.