Àwọn Tó Wá Kọ́ Èdè Rọ́ṣíà Lọ́dọ̀ Mi

Ọ̀gá tó kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ tíṣà ní Lọ́ńdọ̀n kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo mọ èèyàn kọ́. Ó gbé sátífíkéètì mi sókè, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mọ́skò lẹ ti kàwé. Ṣé Kọ́múníìsì ni yín?"

"Rárá, sà. Mùsùlùmí ni mí. Èdè ni mo lọ kọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní àwọn yóò kọ̀wé sí mi. Mi ò rí ìwé kankan gbà di òní.

Ìjọba Rọ́ṣíà ayé ìgbà náà ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí mo parí, mo wá bá ọkọ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n. Mi ò mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń bá ara wọn yodì bí orogún, àti pé ẹni tó bá jáde láti yàrá ọ̀kan, ẹnì kejì á máa fura sí i. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìyá ní mọ́ṣáláṣí wa ń pè mí ní Ìyá Rọ́ṣíà, kò sì sí ohun tí mo ń fi èdè náà ṣe ju pé mo máa ń kà á sétí ara mi lọ.

Ìgbà tí ìjọba àtijọ́ túká ní Mọ́skò ni ayé yí padà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan nítòsí New Cross ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá máa kọ́ àwọn àgbà ní èdè Rọ́ṣíà nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn kún yàrá débi pé a ní láti lọ kó àga wá láti yàrá kejì. Oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Mo ní ní Rọ́ṣíà, èèyàn kì í pe orúkọ àgbà ní gbọnrangandan, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un. Bí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi, Ṣẹ́rífátù ọmọ Búráímọ̀ ni wọn yóò pè mí. Ọkùnrin kan tó wọ táì nawọ́ sókè.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń ra nǹkan, ká sì tà á."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí Galina fi wá ń bá mi ṣiṣẹ́. Ará Rọ́ṣíà ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Bermondsey ló fẹ́ kí ọkùnrin náà tó kú. Èmi ń kọ́ wọn ní gírámà, òun ń bá wọn sọ̀rọ̀ kí ètè wọn lè yọ̀. Nígbà tí àwọn olówó Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé kiri Lọ́ńdọ̀n, àwọn tó ń bá èèyàn ta ilé ló kún kíláàsì wa. Nígbà tí ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn àwọn amí Rọ́ṣíà tó ń fún èèyàn ní májèlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yẹn náà dín kù. Owó ló kó wọn wá, ẹ̀rù ló lé wọn lọ.

Àwọn tuntun díẹ̀ ṣì ń wá, ṣùgbọ́n nínú àwọn ti àtijọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kò lọ. Derek lorúkọ rẹ̀, ó ti ṣe sójà rí. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà èwe ni kó máa fetí sí ohun tí àwọn sójà Rọ́ṣíà ń sọ lórí rédíò.

Ó sọ fún mi pé, "Wọ́n kọ́ wa láti máa gbọ́ wọn ni, wọn ò kọ́ wa láti dá wọn lóhùn. Ìyẹn ni mo wá kọ́ lọ́dọ̀ yín."

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ya wọ Yukréènì, ẹsẹ̀ mi wúwo bí mo ṣe ń lọ sí kíláàsì. Galina ti dé ṣáájú mi, ó ti po tíì sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Derek dìde.

"Galina, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀. Ẹ̀yìn ta lẹ wà?"

Galina gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Yukréènì. Láti àná ni mo ti ń pè é, kò gbé fóònù. Àwọn ará ìlú mi ló ń ju bọ́ǹbù sí ìlú rẹ̀. Derek, ibo lẹ fẹ́ kí n dúró sí?"

Derek lọ jókòó tì í, ó sì tọrọ àforíjì lédè Rọ́ṣíà. Ó ṣì í pè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún un ṣe fún un nínú àwa méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n Galina yè é, ó sá lọ sí Póláńdì. Kíláàsì wa ni kò yè é. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pè mí pé òun ò fẹ́ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ òun mọ̀ pé òun ń kọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀dọ́bìnrin tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, pè mí sí ọ́fíìsì.

"Ẹ̀bi yín kọ́, mà. Kò sẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀ mọ́."

"Ṣé ìgbà tí ìjà bá dé kọ́ ló yẹ ká gbédè ara wa jù?"

Ó ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣílẹ̀kùn fún àga lásán. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Àwọn tó dá ogun yẹn sílẹ̀ ló jẹ̀bi rẹ̀, mi ò ní bá wọn wá àwíjàre. Ohun tó ń dùn mí ni gbogbo ọdún tí ilẹ̀kùn fi wà ní ṣíṣí. Àwọn èèyàn níhìn-ín bi mí nípa epo Rọ́ṣíà, wọ́n bi mí nípa ilé àti owó, wọ́n bi mí nípa ohun ìjà. Ìwọ̀nba ló bi mí bí wọ́n ṣe ń tu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo rí Galina nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham. Láti ọjọ́ tí a ti mọra, èdè Rọ́ṣíà la máa ń sọ síra wa. Inú mi dùn, mo kí i sókè. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú yíjú padà. Ó tẹjú mọ́ wa.

Galina fọwọ́ kàn mí lápá. Ó rọra sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ṣẹ́rífátù, dákun, jẹ́ ká sọ Gẹ̀ẹ́sì."

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá ń sọ̀rọ̀ òjò lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí àlejò méjì, títí ó fi sọ̀kalẹ̀.