Obìnrin Tí Wọ́n Ní Kó Fò

Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu èèyàn títí ó fi pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ṣùgbọ́n ara ti kúrò ní ti abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Bí àlejò bá wọlé, á ní, "Abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ ti di odó o," òun nìkan á sì máa rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni obìnrin yìí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ kan náà, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn ọmọ iléèwé. Lọ́dún tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, oorun sá lójú rẹ̀. Ooru a dédé bò ó bí ẹni pé wọ́n dáná sí i lábẹ́ aṣọ. Bó bá ń gbé ẹrù aṣọ gun àtẹ̀gùn, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dúró mí. Nọ́ọ̀sì ní kó máa rìn, kó máa gbé nǹkan tó wúwo níwọ̀nba, pé egungun obìnrin tó ti tó ọjọ́ orí yẹn ò fẹ́ ìjókòó.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú un lọ síbi eré ìdárayá: gbọ̀ngàn kan lókè ilé ìtajà bàtà, dígí lára ògiri, orin tó ń mi àyà, obìnrin bí ogún tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń dojú bolẹ̀, tí wọ́n tún ń dìde, láìsinmi. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló ń darí wọn. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aránṣọ wa bì nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó búra pé òun ò ní padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà.

Ká má parọ́, ó ṣe é lóore. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ń gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn láìdúró. Oorun padà sójú rẹ̀. Ó tún ń kọrin nídìí iṣẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Ọkọ ní, "Ta lò ń tún ara ṣe fún?"

Ó ní, "Èmi náà kì í ṣe èèyàn ni?"

Lóṣù karùn-ún, Kóòṣì gbé ìdíje kalẹ̀: fífò sórí àpótí onígi, ọgbọ̀n ìgbà. Ẹsẹ̀ tí aránṣọ fi ń tẹ ẹ̀rọ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣáájú.

"Kóòṣì, jọ̀ọ́, orúnkún ọ̀tún yìí ti ń ro mí láti ọ̀sẹ̀ méjì. Jẹ́ kí n ṣe èyí tí kò ní fífò."

"Màmá, ara tó ń roni ni ara tó ń ṣiṣẹ́!" Kóòṣì yíjú sáwọn tó kù. "Ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún Màmá!"

Àtẹ́wọ́ sọ. "Abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́!" Kò sẹ́ni tó pariwo orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn. Méjèèjì ló jọ tì í sókè. Lẹ́ẹ̀kọkànlá, nǹkan kan já nínú orúnkún rẹ̀, pàà, ó ṣubú. Kóòṣì wò ó, ó ní kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri káwọn tó kù lè parí. Wọn ò pa orin.

Iṣan orúnkún ló ya. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì fi oṣù mẹ́rin tẹ̀pá rìn. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n omi náà kò wá rí láìsí "Ṣebí mo sọ" nínú. Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, ẹlòmíràn ti wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀gá ní kó máa fọwọ́ rán bọ́tìnnì.

Àbúrò rẹ̀ wá kí i nílé.

"Kóòṣì ní ẹ ò fẹsẹ̀ balẹ̀ dáadáa ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Nígbà tí mo sọ fún un pé ó ń ro mí ńkọ́? Ṣebí o wà níbẹ̀. Kí lò ń ṣe?"

Àbúrò wolẹ̀. "Mò ń pàtẹ́wọ́."

Wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Àbúrò ò sì fi eré náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, obìnrin tó ń bá wọn gé aṣọ, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú eré yẹn dáa fún irú wa?"

Rárá ló fẹ́ sọ. Kò jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Mo sùn bí ọmọdé. Àmọ́ ara mi sọ̀rọ̀, mo sì lọ gbọ́ tàwọn tó ń pariwo. Bí oríkèé rẹ bá ní ó tó, jáde. Jẹ́ kí wọ́n máa bú ẹ."

Ẹni náà lọ síbi eré náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n, mo sùn mọ́jú!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni aránṣọ wí. Ó wá ìdùnnú nínú ara rẹ̀ láti fi bá a yọ̀, kò rí. Ìkorò ló bá níbẹ̀. Ó fẹ́ tètè dìde kí ẹni náà má bàa rí ojú òun. Ẹsẹ̀ ò dáhùn.