Ilé Tí Mo Bá Ìyá Aláró Rà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀lé ọ̀gá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ilé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ní kí n jókòó sí, ó sì ní n kò gbọdọ̀ la ẹnu mi. Ní Lálúpọn ni, nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, tí àwọn èèyàn láti ọ̀nà jíjìn ń wá ibi tí wọn yóò máa gbé lẹ́bàá ojú irin. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn bàbá wa kì í ta ilé. Àlejò tó bá fẹ́ bá wa gbé, a ó fún un ní yàrá àti ilẹ̀ tí yóò fi dáko, òun náà á sì máa gbé iṣu wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Rélùwéè ló kọ́ wa pé ògiri amọ̀ ṣeé tà. Ẹni tó ń tà á kò mọ bí wọ́n ṣe ń tà á, ẹni tó ń rà á kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rà á. Àárín àwọn méjèèjì ni àwa alárinà ti rí oúnjẹ jẹ.

Bàbá Àyìndé ni orúkọ ọ̀gá mi. Alárinà ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń ṣe kí ọ̀rọ̀ ilé tó dé, wọ́n sì máa ń sọ pé ilé rọrùn ju ìyàwó lọ, nítorí ilé kì í di ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Àwọn ló fi ẹsẹ̀ òfin iṣẹ́ náà múlẹ̀ lágbègbè wa. Ẹni tó ń ta ilé á mú alárinà tirẹ̀ wá, ẹni tó ń rà á náà á wá alárinà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn á tẹ́ ẹní méjì, wọn á sì dojú kọra wọn. N kò lè ka iye ìgbà tí Bàbá Àyìndé sọ ọ́ sí mi létí pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Nígbà tí ara ọ̀gá mi kò gba ìrìn mọ́, tí èmi nìkan ń dá ṣiṣẹ́, mo ti gbọ́n lójú ara mi. Mo rí i pé tí mo bá ṣojú fún ẹni méjèèjì, ọ̀rọ̀ á yára parí, n kò sì ní jókòó sínú oòrùn bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ìgbà yẹn ni mo mọ Ìyá Aláró. Ogun ló gbé e wá sí ilẹ̀ Ìbàdàn láti kékeré. Ó ti ra ara rẹ̀ padà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà ìlú rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó kù síbẹ̀ tí ó mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin tó jẹ́ olówó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń gbé, níbi tí ìkòkò aró rẹ̀ wà. Bí ìyàwó ilé bá bímọ, wọ́n á ní kí ó kúrò nínú yàrá. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní kí ó kúrò nínú yàrá. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti gbé ẹní rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Mo máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí mo bá ti ìrìn dé. Ìyá tó bí mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, Ìyá Aláró sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ń bu oúnjẹ pa mọ́ dè mí. Bí ó ti ń da omi eérú sínú aró, èmi á máa jẹun, á sì máa bú mi pé mo gbẹ bí ọ̀pá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ti kó nǹkan jọ, òun fẹ́ ra ilé. Kò béèrè ilé ńlá.

“Yàrá kan tó,” ó ní. “Kó ṣáà jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọ fún mi pé kí n dìde.”

Kò pẹ́ sí i ni olórí ẹbí kan ní Lálúpọn, Bàbá Adéòtí, rán mi níṣẹ́ pé kí n bá àwọn ta ilé ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú. Àwọn ọmọ olóògbé ti bá rélùwéè lọ sí Èkó, ilé náà sì ń dá wà. Ilé dáadáa ni, ògiri rẹ̀ nípọn, koríko òrùlé rẹ̀ ṣì dára. Ṣùgbọ́n inú yàrá ńlá ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n wọn sí, bí gbogbo wa ti ń sin àwọn bàbá wa. Ẹni tó bá mọ àṣà wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹbí lè ta ògiri, wọ́n lè ta òrùlé, ṣùgbọ́n ojú oórì bàbá kì í kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè wọlé wá bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Adéòtí ní kí n má dárúkọ ojú oórì náà fún ẹni tó fẹ́ ra ilé, pé bí onítọ̀hún bá ti wọlé, á mọ́ ọn lára.

Mo mú Ìyá Aláró lọ wò ó. Ó fi ọwọ́ pa ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá kí òun wá ẹnì kan tí yóò bá òun sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onílé.

“Ta lẹ tún ń wá?” ni mo dá a lóhùn. “Ṣebí èmi rèé.”

N kò lè sọ pé mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo sọ fún ara mi pé gbogbo wa là ń sùn sítòsí òkú, kí ló burú níbẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí kíá, mo sì fẹ́ kí ó rí mi bí ọmọ tó wúlò.

Ìyá Aláró ra ilé náà, ó kó wọlé. Ó fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ yàrá ńlá náà, ó da omi aró mọ́ ọn títí ó fi dúdú tó ń dán. Ó pè mí wá jẹun níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bú mi. Oṣù bíi mẹ́jọ ló fi gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ọmọ olóògbé wálé láti Èkó, gbogbo ẹbí sì wá ṣe ìrántí bàbá wọn. Wọn kò jà, wọn kò sì pariwo. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní kí ìyá jọ̀wọ́ dìde lórí ẹní, pé bàbá àwọn ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò nínú yàrá náà.

Nígbà tí mo gbọ́, mo sáré lọ. Mo bá a níta lábẹ́ igi, ó ká ẹní rẹ̀ sí abíyá.

“Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?” ó bi mí.

Mo ní mo mọ̀.

“Ta wá ni o ń bá ṣiṣẹ́?”

Mo ní ẹ̀yin méjèèjì ni.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí aró ti pa dúdú. “Èmi rò pé èmi ni,” ó ní.

Ìbá bú mi, ìbá ṣépè fún mi, ara á tù mí. Kò ṣe ọ̀kankan. Mo lọ bá àwọn àgbà, mo jẹ́wọ́ níwájú wọn, wọ́n sì ní kí Bàbá Adéòtí gba ilé rẹ̀ padà kí ó sì dá ohun tí Ìyá Aláró san padà fún un. Ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ títí òjò fi dé kó tó yanjú. Ìyá Aláró padà sí ẹ̀yìnkùlé tó ti kúrò. Mo yà síbẹ̀ nígbà méjì. Ó kí mi, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò bu oúnjẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lé àwọn tó fẹ́ ra ilé padà. Ẹnikẹ́ni tó bá dá wá, mo máa ń ní kí ó lọ wá ẹni tirẹ̀ wá, kì í ṣe ẹni tí èmi bá a yàn. Àwọn tó rán mi níṣẹ́ ní orí mi ti dàrú. Àgbẹ̀ kan láti Ẹgbẹ́dá lọ mú ìyá ìyàwó rẹ̀ wá, ìyá yẹn sì bú mi láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Títí dòní, n kò tíì rí alárinà tó mọṣẹ́ tó o.

Ọdún kejì ni káfíńtà kan ní Olódò ní kí n bá òun ta ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò kú síbẹ̀ rí, ó sì fẹ́ bá rélùwéè gòkè lọ sí ilẹ̀ Hausa. Ìyá Aláró ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Mo ránṣẹ́ sí i. Mo sì ń retí pé yóò sọ pé kí n fi káfíńtà sílẹ̀, kí n wá ṣe alárinà òun nìkan. Mo ti múra ohun tí mo fẹ́ sọ. Èsì tó wá ni pé òun ń bọ̀, òun sì ti ní ẹni tòun.

Bàbá Lámídì ló mú wá, ahunṣọ tó máa ń gbé òwú wá fún un pa láró. Ẹsẹ̀ kan ń dùn wọ́n, wọn kò ṣe alárinà rí, ṣùgbọ́n wọ́n lè torí fọ́nrán òwú kan jiyàn dìgbà tí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀, wọ́n ń béèrè ẹni tó sùn síbẹ̀. Mo ní kò sí. Wọ́n wo ojú mi títí, wọ́n sì tún un gún. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi ọ̀pá náà kan igi obì kan.

“Èyí ńkọ́?”

Káfíńtà yára ní ilé àti gbogbo ohun tó yí i ká ni òun ń tà. Mo sì mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gbin igi náà, òun ló sì ń wá ká a lọ́dọọdún. Káfíńtà ló rán mi níṣẹ́, ọ̀rọ̀ Bàbá Àyìndé sì ń dún létí mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un ṣáájú pé bí wọ́n bá bi mí, n kò ní purọ́. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

“Ti àbúrò wọn ni,” mo ní. “Ó máa ń wá ká a.”

Káfíńtà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká. Wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò náà, ó dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun yọ̀ǹda igi, bí Ìyá Aláró bá lè pa aṣọ kan láró fún òun. Ìyá Aláró rẹ́rìn-ín, ó ní méjì ni òun máa pa.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ ilé bá ti yanjú, onílé tuntun ló ń kọ́kọ́ wọlé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sì máa pe àwọn ẹlẹ́rìí wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Aláró wọlé. Ó pe Bàbá Lámídì. Ó pe àbúrò káfíńtà. Ó pe káfíńtà fúnra rẹ̀, tó ń bínú. Ó wá ku èmi nìkan. Mo ká agbádá mi sókè, mo gbé ẹsẹ̀.

“Ìwọ, dúró níta,” ó ní.

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tí wọ́n máa gbé ìkòkò sí. Mo padà sójú ọ̀nà, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú ilé. Ó dùn mí wọra. Síbẹ̀, ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti mọ̀ dájú pé ilé ti di tirẹ̀, nítorí ẹni tí kò nílé kò lè ní kí ẹnikẹ́ni dúró níta.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí mo bá ń gba Olódò kọjá, mo máa ń dúró lójú ọ̀nà kí i, á sì dá mi lóhùn láti ìdí ìkòkò aró rẹ̀, á béèrè àwọn ọmọ mi. Kò tíì pè mí wọlé. Láti Lálúpọn dé Móníyà, n kò mọ iye ilé tí mo ti wọ̀ yàrá dé yàrá, ṣùgbọ́n n kò mọ bí yàrá Ìyá Aláró ṣe rí láti ìgbà tó ti kó sínú rẹ̀, ó sì ń wù mí láti mọ̀ ọ́n.