Wáyà Tí Mo Yọ

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Àkúrẹ́ nígbà tí ìjọba dá owó oṣù wa dúró. A ń lọ síléèwé, a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, a ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kí n má baà ya wèrè ni mo ṣe gbájú mọ́ kapásítọ̀, àwọn agolo kékeré inú tẹlifíṣọ̀n tó ń gba iná pamọ́. Mo ń tú wọn lára tẹlifíṣọ̀n tó ti kú tí àwọn aṣàtúnṣe òpópónà Arakale kó dànù, títí mo fi to ogójì sínú àpótí pákó kan ní ìlà méjì. Bí iná bá kún inú wọn tí mo sì tú u jáde lẹ́ẹ̀kan, á dún gbàà bí ìbọn. Nínú gbogbo ohun tí mo dáwọ́ lé lásìkò yẹn, òun nìkan ló ń ṣe bí mo ṣe wí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Oǹdó, tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, ló kọ́ mi.

"Má gbà á gbọ́ o," ló máa ń wí. "Bí o bá fi gílóòbù fa iná inú rẹ̀ gbẹ tán, síbẹ̀, fi wáyà so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ejò tó kú ṣì ní eyín."

Ó ránṣẹ́ sí mi pé òòfà àwọn sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì kan ti rẹ̀, pé iná àpótí mi lè sọ ọ́ jí, kí n gbé e wá. Inú mi dùn. Láàárọ̀ Sátidé, mo fi gílóòbù fa iná náà. Ó tàn yòò, ó kú. Mo so wáyà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìdérí àpótí kò pa dé. Awakọ̀ tó máa gbé mi lọ sí Oǹdó ń fọn fèrè lójú títì. Mo yọ wáyà náà. Ṣebí ó ti gbẹ.

N kò mọ̀ pé ojú lẹ́ẹ̀dì kan, níbi tí mo ti jó wáyà ìlà kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, ti já, pé ìlà kan ṣoṣo ni gílóòbù fà. Ìlà kejì ṣì kún. Kòtò ojú ọ̀nà Oǹdó ló gbọn wáyà tó já náà padà sáyè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ṣí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ṣé o ti tú iná rẹ̀ jáde?"

"Mo ti tú u jáde, sà."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún sínú rẹ̀. Ìró náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n sì ṣubú lulẹ̀ sáàárín àwọn sípíkà. Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń pariwo, "Kí lẹ ṣe fún un?"

Kò kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká kò, kò sì lè di irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mú mọ́. Mo ń lọ kí i. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé ó yẹ kí òun náà ti kọ́kọ́ dán an wò. Ìbá bú mi, ìbá sàn fún mi. Lọ́jọ́ kan, mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti tì pa. Kò wo ojú mi.

"Àbúrò, má wá mọ́," ló wí. "Bí mo bá ti rí ọ, ọwọ́ yìí á tún máa ta mí."

N kò lọ mọ́. Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, obìnrin ará Oǹdó kan tó ń tajà ní Ọjà Ọba ló sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n ti kú. Mo wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"A ti sin ín," ló wí. "Ẹ má wulẹ̀ jókòó."

N kò jókòó. Mo kí i kú ará fẹ́ra kù. Mo rìn padà sí ibùdókọ̀.