Páànù Ìyá Mi àti Apá Bàálù

Òdo nínú mẹ́wàá. Máàkì tí wọ́n fún mi nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ilé-Ifẹ̀, lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló ń gbé bàálù dúró lójú òfuurufú? Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Òkèrèwè, àdúgbò wa, gbọ́ ọ. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fún ọmọ mi náà ní òdo nínú mẹ́wàá lórí ìbéèrè yẹn kan náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì bẹ̀ mí pé kí n má gbé e síta. Mo ti gbé e síta báyìí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ fara balẹ̀, kí n sọ bí òdo kìíní ṣe bí ìkejì.

Ilé wa ní Òkèrèwè kò jìnnà sí Ẹnuwá, tó bẹ́ẹ̀ tí a máa ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa. Láti Ìwó ni àwọn bàbá bàbá mi ti wá, ìyá mi sì ń ṣe gbodo tà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: a ó bó iṣu, a ó gé e, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó sá a sóòrùn títí yóò fi le bí òkúta. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ọyẹ́ a máa bó wa létè, ìyá mi a fi òrí pa wá lára títí a ó fi máa dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo, a ó mu ẹ̀kọ gbígbóná, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Orí páànù ni ìyá mi ń sá gbodo sí, páànù ńlá kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Alaalẹ́ ni a ń gbé e wọlé, àràárọ̀ ni a ń gbé e jáde lọ sí gbangba tó wà lẹ́yìn ilé. Èmi àti Múfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, la máa ń rù ú: òun níwájú, èmi lẹ́yìn, páànù òfìfo lórí àwa méjèèjì bí òrùlé tó ń rìn. Òfin kan ló wà fún iṣẹ́ náà, gbogbo ilé tó ń sá nǹkan ní àdúgbò wa ló sì mọ̀ ọ́n: bí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ yín, ẹ tẹ imú páànù wálẹ̀. Ìyá mi a dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, a máa pariwo: "Múfú, imú ẹ̀! Tẹ imú ẹ̀ wálẹ̀, kó má gbé ẹ lọ!"

Àwa méjèèjì kò gba òfin náà láìyẹ̀ ẹ́ wò. A rí i pé bí a bá tẹ imú páànù wálẹ̀ jù, ńṣe ni afẹ́fẹ́ ń gùn ún lórí, tí yóò máa tẹ̀ wá lọ́rùn bí ẹni tó ru àpò gàrí. Bí a bá gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀, díẹ̀ báyìí, páànù yóò fúyẹ́, ọrùn yóò sinmi. Bí a bá sáré lọ pàdé afẹ́fẹ́, yóò tún fúyẹ́ sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá sì dákẹ́, gbogbo ìwúwo rẹ̀ a padà dé lójijì. A sọ ọ́ di eré, a sì ń jà du iwájú, nítorí ẹni tó wà níwájú ni awakọ̀ bàálù.

Ní òwúrọ̀ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́ gidigidi, Múfú ní òun fẹ́ kí páànù gbé òun kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ó gbé imú rẹ̀ sókè, ó tún gbé e sí i, ó gbé e títí páànù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán bí ògiri. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ìfúyẹ́ yẹn parẹ́. Páànù gbọ̀n rìrì. Afẹ́fẹ́ kò gbé e sókè mọ́, ẹ̀yìn ló ń tì í sí. Ó tì mí ṣubú, ó sì balẹ̀ gbàà sórí atẹ tí ìyá mi kó iṣu bíbọ̀ sí. Iṣu fọ́n káàkiri inú eruku.

"Mẹ́kà lẹ fẹ́ fi páànù mi fò lọ ni?" ni ìyá mi bi wá. "Ó dáa. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ na ọwọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ máa fi ìyẹ́ yín fò lọ."

A kúnlẹ̀. Ọwọ́ mi ti fẹ́ kú tán nígbà tí Múfú sọ sí mi létí pé, "Yí àtẹ́lẹwọ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ díẹ̀. Á bá ẹ gbé e."

"Irọ́ ni."

"Gbìyànjú ẹ̀ wò ná, ìwọ ọ̀lẹ yìí."

Mo gbìyànjú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ bá mi gbé e lóòótọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ìyá mi sì fi ìyà kún ìyà.

Èyí ni ohun tó wà lórí mi nígbà tí tíṣà físíìsì wa, ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kì í rún, wá kọ́ wa nípa bàálù. Ó ní afẹ́fẹ́ máa ń pín sí méjì níwájú apá bàálù. Ó ní òkè apá náà tẹ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí, nítorí náà ọ̀nà òkè gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó gba òkè gbọ́dọ̀ sáré kí ó lè bá èkejì rẹ̀ pàdé lẹ́yìn apá ní àkókò kan náà. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kì í sì tẹ nǹkan tó èyí tó ń rọra lọ, ìdí nìyẹn tí bàálù fi ń gòkè.

Mo nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ní kí wọ́n pàdé?"

"Ìwé ló ní kí wọ́n pàdé," ni ó dáhùn. "Jókòó."

Nígbà tí ìdánwò dé, mo kọ ọ́ pé apá bàálù ń ti afẹ́fẹ́ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ti apá sókè, gẹ́gẹ́ bí páànù ìyá mi. Tíṣà kà á sókè fún gbogbo kíláàsì. "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ yìí fẹ́ fi páànù gbodo wa bàálù!" Páálọ́ọ̀tì Gbodo ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde níbẹ̀.

Mo lọ ka físíìsì ní yunifásítì, kí n lè mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú èmi àti ìwé. Ìwé ló jẹ̀bi. Afẹ́fẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá ara wọn ṣe àdéhùn ìpàdé kankan. Òótọ́ ni pé ti òkè ń yára jù, òótọ́ sì ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ apá. Ṣùgbọ́n ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí ó máa ń dé ẹ̀yìn apá ṣáájú ti ìsàlẹ̀. Ohun tí apá ń ṣe ni pé ó ń darí afẹ́fẹ́ wálẹ̀: ó ń ti èyí tó wà nísàlẹ̀, ó sì ń fa èyí tó wà lókè kí ó tẹ̀lé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí apá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ti apá sókè. Ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe iṣẹ́ tí eré sísá wa ń ṣe fún páànù: ó ń ti bàálù síwájú kí afẹ́fẹ́ lè máa pàdé rẹ̀ láìdákẹ́. Bí awakọ̀ bá sì gbé imú bàálù sókè jù, afẹ́fẹ́ òkè kò ní lè tẹ̀lé ẹ̀yìn apá mọ́, ohun tó ṣe Múfú yóò ṣe é. Bó bá jẹ́ pé títẹ̀ tí òkè apá tẹ̀ nìkan ló ń gbé bàálù, báwo ni bàálù ológun ṣe ń dojú dé tí kì í já bọ́? Báwo ni bàálù oníbébà tí apá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ṣe ń fò nínú kíláàsì tíṣà wa gan-an?

Àṣàbí, ọmọ mi, ti gbọ́ ìtàn páànù yìí lẹ́nu mi láti kékeré. Ohun tó gbọ́ yẹn ló kọ nínú ìdánwò, òun ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fún un ní òdo. Mo wo nóòtì rẹ̀: gbólóhùn ìpàdé yẹn ló wà níbẹ̀, bí tíṣà wa ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Mọ́mì," ni ó wí, "ìdánwò àṣejáde ń bọ̀. Ṣé kí n kọ òótọ́ kí n féèlì, àbí kí n kọ irọ́ kí n páàsì?"

Mo gba ilé ẹ̀kọ́ náà lọ. Ọ̀gá wọn gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Mà, mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ ń sọ. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nìyẹn, òun náà làwọn tó ń máàkì ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síta."

"Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ sì ń fún un ní máàkì?"

"Mà, wọ́n á ní mo tàpá sí ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́."

Nígbà tiwa, ìwé kan ṣoṣo ni tíṣà wa ní, kò sì síbi tí yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti forí jì í. Lónìí, ọmọ tó wà ní Mọdákẹ́kẹ́ lè gbé fóònù, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn yí apá bàálù ká, tí ti òkè ń dé ẹ̀yìn ṣáájú. Orí ọ̀rá ni wọ́n ń sá gbodo sí báyìí, kò sí ọmọ tó ń ru páànù mọ́. Múfú ti di bàbá àgbà. Gbogbo nǹkan ló ti yí padà, àfi gbólóhùn irọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìdáhùn fún àwọn tó ń máàkì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ yọ ìpàdé tí kò sí yẹn kúrò nínú ìwé. Ẹ pàṣẹ pé ọmọ tó bá kọ òótọ́ gbọ́dọ̀ gba máàkì rẹ̀ pé. Ẹ ṣe é kí ìdánwò àṣejáde yìí tó wáyé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ní kí Àṣàbí kọ òótọ́, ó sì ti gbà. Ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹ ṣe tiyín kí báírò pupa tó kan ìwé rẹ̀.