Sùtánà tí Màmá Àgbà Gé

Lánàá, obìnrin kan tó fín lọ́fínńdà àdúrà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní báńkì, ni mo bá padà di ọmọdé ní àgbàlá wa ní Ìkọ̀yà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá mi ti Èkó dé nígbà kòrónà.

Mo ti ń sáré lọ dì mọ́ wọn nígbà tí àbúrò màmá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fà mí lẹ́wù padà. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n máa fi dá sùn ní ahéré tí a ti ń fún epo! Ẹni tí kò bá bo imú kò gbọdọ̀ débẹ̀!"

Àbúrò bàbá mi, wòlíì ìjọ wa, fárígá. "Ṣé ọ̀daràn ni ẹ̀gbọ́n mi? Omi àdúrà tó wọn!"

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni Màmá Àgbà ti wọnú ilé lọ. Sùtánà tuntun kan ni wọ́n gbé jáde, funfun báláú, tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Wọ́n ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, fàà! Wọ́n rán an ní ìbòmú, wọ́n sì wọ́n lọ́fínńdà àdúrà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Nọ́ọ̀sì, ìbòmú rèé. Wòlíì, àdúrà wà lára rẹ̀. Ẹ yéé pariwo mọ́ mi lórí."

Àwa ọmọdé ń fò sókè! Èmi ni mo bo imú gbé oúnjẹ lọ sí ahéré, mo gbé e sórí ilà eérú tí nọ́ọ̀sì fà sílẹ̀, Bàbá sì jó fún mi láti òdìkejì.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé aṣọ tí Màmá Àgbà ń tọ́jú de ìsìnkú ara wọn ni.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo sáré padà láti ahéré, mo ń mí hẹlẹ: "Màmá Àgbà, ẹ tún gé òmíràn fún Bàbá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún mú àlùmọ́gàjí.